Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ọmọ mi, mo ti rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná. Mo rí alùpùpù ńlá dúdú náà, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní cruiser, tí irin ara rẹ̀ ń kọ mọ̀nà bí omi tí oòrùn ràn sí, mo sì ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé owó ti pé, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni o fẹ́ lọ gbé e wálé. Inú mi dùn sí ọ, nítorí ọmọ tó fi òógùn ojú ara rẹ̀ kó owó jọ, ẹni à ń bá yọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí mo bá sì dákẹ́, tí o lọ fi ojú nìkan ra ohun tó jẹ́ pé gbogbo ara ni yóò gùn ún, ẹ̀bi rẹ̀ yóò wà lọ́rùn mi. Fara balẹ̀, kí n sọ ohun tí ọ̀nà ti kọ́ mi fún ọ.

Kì í ṣe òní ni mo ti ń gun máṣíìnì. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, Honda CG125 ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀. Mo fi gbé ìwé, mo fi gbé iṣu, mo fi gbé ìyá yín lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lóru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Máṣíìnì yẹn kò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì àbọ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń dá a dúró, n ó sì máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò, nígbà tí mo dé Houston tí ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́nu, pé ẹni tó mọ kékeré gùn ti mọ ńlá gùn. Mo wọ ilé ìtajà kan, mo rí ọ̀kan tó wù mí, mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń dún kìì bí ìlù tí wọ́n ń lù lọ́nà jíjìn, mo gùn ún yí ilé ìtajà náà ká lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì sanwó. Gbogbo bí mo ṣe gùn ún wò kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo yà sí ilé epo. Mo ń rọra yí i bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa epo, ọwọ́ rẹ̀ ti darí sí òsì, ni mo bá fún bíréèkì iwájú bí mo ṣe máa ń fún ti Honda mi. Alùpùpù náà dúró gbagidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí òsì. Mo na ẹsẹ̀ òsì mi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Ohun tó lé ní 360 kìlógíráàmù ni mò ń sọ, ọmọ mi: àpò sìmẹ́ǹtì méje, ó tún lé. Ó sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́ bí màlúù tó rẹ̀, èmi náà sì dùbúlẹ̀ tì í. Ọlọ́run ló ní kí irin tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì gbà á dúró kó má tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀ rí ló bá mi gbé e dìde. Alùpùpù náà kò jẹ̀bi, ẹni tó tà á kò jẹ̀bi. Èmi ni mo lọ ra ìtẹ́ tí kì í ṣe ìwọ̀n mi. Kí ọdún tó yí po, mo ti tà á ní ẹ̀dínwó.

Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Bí o bá da òwe méjèèjì pọ̀, wàá rí ohun tí mò ń wí. Alùpùpù ńlá kì í fi ìwúwo rẹ̀ han ènìyàn lórí eré, nítorí bí ó bá ti ń sáré, ara rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ dúró, á fúyẹ́ lábẹ́ rẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀; ìgbà tí o bá fẹ́ dúró níbi iná títì, tí o bá fẹ́ yí padà ní ọ̀nà tóóró, tí o bá fẹ́ tì í sẹ́yìn kúrò níbi tí o gbé e sí, ìgbà yẹn ni yóò sọ òótọ́ fún ọ. Nítorí náà, orí ilẹ̀ ni kí àyẹ̀wò rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí o tó tan ẹ́ńjìnnì rárá, wọ bàtà tí wàá máa wọ̀ gùn ún, kì í ṣe sálúbàtà, kí o jókòó lé e, kí o sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ balẹ̀ tàn-án-tán, gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kí orúnkún sì tún tẹ̀ díẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan. Ìjókòó Indian Scout kò ju nǹkan bí 650 mìlímítà sílẹ̀ lọ, ti Kawasaki Vulcan S jẹ́ 705, ti Honda Gold Wing jẹ́ 745. Ṣùgbọ́n ìjókòó tó bá fẹ̀ ń ya itan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ tó gùn á sì di kúkúrú lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e kúrò lórí sítáàǹdì. Itan ni kí o fi tì í dìde, má fi apá fà á. Bí ó bá ti dúró, mì í sọ́tùn-ún díẹ̀, mì í sósì díẹ̀, títí wàá fi rí ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà ọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ààlà rẹ. Bí ó bá súnmọ́ ọ jù, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn tó ń ṣe é pàápàá mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn: láti 1988 ni Honda ti fi ohun tó ń fà á sẹ́yìn sára Gold Wing.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ọwọ́ ló kàn. Yí ọwọ́ alùpùpù náà sí òsì títí kò fi lè yí mọ́, kí o wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ: ṣé ìgunpá ṣì tẹ̀, àbí apá ti na tán tí èjìká sì ń bá a lọ? Ẹni tó bá ní láti dìde lórí ìjókòó kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi tó yẹ kó dé kò tíì rí tirẹ̀. Wo ibi ìgbẹ́sẹ̀lé náà. Àwọn kan wà tí tiwọn wà níwájú pátápátá, tí ènìyàn á na ẹsẹ̀ bí olówó tó fẹ̀yìn ti àga, ó sì dùn ún wò nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí táyà bá kó sí kòtò, kò sí ẹsẹ̀ tí o máa fi gbé ara rẹ sókè, ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ ń bá. Èyí tí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ orúnkún ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ bá ẹ̀yìn pín ẹrù náà. Ìwọ kò ní mọ̀ ọ́n lónìí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ẹ̀yìn tó ń ro mí yìí sì wà lára àkísà mi.

Nígbà náà ni kí o tó wá gùn ún wò. Àwọn ilé ìtajà mìíràn ń gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó dáa jù tí mo mọ̀ ni àwọn àpéjọ ńlá, bí ti Daytona Beach ní Florida, tó ń wáyé lóṣù kẹta ọdọọdún, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ eré ìje tí wọ́n sá ní 1937, tàbí ti Sturgis ní South Dakota lóṣù kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1938. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù á fi ọkọ̀ ńlá kó wọn wá. Ìwọ á fi láísẹ́ǹsì rẹ hàn, wàá fọwọ́ síwèé, ẹ ó sì tò tẹ̀lé aṣáájú kan lọ, ẹ ó tò bọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ní ọjọ́ kan ṣoṣo, o lè gun ti Harley-Davidson, kí o gun ti Indian, kí o sì gun ti àwọn ará Japan. Òfin Texas kò fi dandan lé akoto fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èmi fi dandan lé e fún ọ.

Jẹ́ẹ́jẹ́ ni kí o kọ́kọ́ gùn ún, nínú pápá tó ṣófo. Jíà kìíní, kí o dá kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ààbọ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀, kí o yí po bí ẹni ń yí àgbo ijó ká. Ibi tí o fẹ́ lọ ni kí o wò, má wo ilẹ̀, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni táyà ń lọ. Má sì fọwọ́ kan bíréèkì iwájú nígbà tí ọwọ́ alùpùpù bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn fún àwa méjèèjì. Bí o bá bọ́ sí ọ̀nà ńlá, fi ara gbọ́. Ṣé atẹ́gùn tó ń fò kọjá gíláàsì iwájú ń lu akoto rẹ bí ẹni ń lu igbá? Ó yẹ kí orí gíláàsì náà mọ níwọ̀n imú rẹ, kí o máa wo ọ̀nà lókè rẹ̀. Ṣé ooru ẹ́ńjìnnì ń jó itan ọ̀tún? Bí ó bá ń jó o lóṣù kẹta ní Florida, ronú ohun tí yóò ṣe lóṣù kẹjọ ní Houston. Ṣé ìka ọwọ́ ń kú tipiri? Má sọ pé yóò mọ́ ọ lára. Ara ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba owó ẹ̀yìn, ohun tó bá kọ́kọ́ sọ ni yóò máa sọ títí.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí náà ń fẹ́ àkókò. Ìjókòó tó rọ̀ bí òwú nínú ilé ìtajà lè di òkúta bí wákàtí kan bá pé, nítorí fóòmù tó rọ̀ jù á tẹ̀ títí á fi pẹlẹbẹ, egungun ìdí á sì kan pákó. Nígbà tí mo fẹ́ ra ìkejì, mo háyà alùpùpù mẹ́ta, ọ̀kan ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo gba ọ̀nà I-10 lọ sí San Antonio, nǹkan bí 200 máìlì. Èkíní kò tíì gbé mi dé Columbus tí ọwọ́ mi fi kú. Èkejì gbé mi dé Luling, mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, n kò lè nàró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí owó rẹ̀ kéré jù, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì wù mí, gbé mi dé San Antonio, mo sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó dìde lórí àga nílé ara rẹ̀. Òun ni mo rà, òun ni ìwọ náà ń bá mi fọ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.

Mú ìyàwó rẹ dání. Òun ló máa jókòó lẹ́yìn rẹ, ìwúwo rẹ̀ yóò sì yí ohun gbogbo padà, bí o ṣe ń dúró àti bí o ṣe ń yà. Bí ó bá ní ibẹ̀ kò rọ òun lọ́rùn, gbọ́ ọ bí ẹni pé ìdí tìrẹ ló ń dùn.

Ohun kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ gbé mì. Ọjọ́ tí o bá dé ibẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á dúró tì ọ́, wọn á ní ọkùnrin gidi ni ẹni tó gun èyí tó tóbi jù. Ọmọ mi, má tijú láti sọ pé ó wúwo jù ọ́ lọ. Wọ́n lè yí ìjókòó padà, wọ́n lè fa ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọ, Kawasaki tilẹ̀ ṣe Vulcan S kí wọ́n lè sún ìjókòó, ọwọ́ àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ bá ẹni tó rà á mu. Ṣùgbọ́n kò sí mẹkáníìkì tó lè bá ọ yọ 100 kìlógíráàmù kúrò lára èyí tó bá tóbi jù ọ́ lọ. Èyí tó kéré tí o ń gùn lójoojúmọ́ sàn ju ńlá tí aṣọ bò nínú gáráàjì lọ.

Nítorí náà, lọ ní Sátidé. Mú bàtà rẹ, mú akoto rẹ, mú láísẹ́ǹsì rẹ, mú ìyàwó rẹ, kí o sì fi owó sílẹ̀ nílé. Gùn ún wò, dá a padà fún wọn, lọ sùn. Bí o bá jí ní Sọ́ńdè tí ẹ̀yìn kò ro ọ́, tí ọwọ́ kò kú, tí ọkàn rẹ ṣì ń fẹ́ ẹ, pè mí, n ó bá ọ lọ gbé e.