Lẹ́yìn Ìbínú

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé yàrá kan nínú ilé mi ní Ìkọ̀lé bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé ọlọ̀tẹ̀ ni Fábùnmi, àbí atúnlùútò?" Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára débi pé oorun dá lójú mi. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Ọ̀tùn.

Nígbà ayé Fábùnmi, Ìbàdàn ló ń jẹ gàba lórí àwa Èkìtì. Ajẹ́lẹ̀ wọn wà káàkiri ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń wọ ilé onílé mú ohun tó bá wù wọ́n. Níhà àríwá wa níbí, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà náà ń kó èèyàn lẹ́rú. Ní 1878, Fábùnmi, ọmọ oyè Òkè-Ìmẹ̀sí, bẹ́ ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Oyèpẹ̀tún lórí. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó Fábùnmi ló fà á. Ìròyìn náà ràn bí iná ọyẹ́. Ìlú lẹ́yìn ìlú dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn, wọ́n pa wọ́n pẹ̀lú àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn. Mi ò ní bò ó fún yín: aláìṣẹ̀ kú nínú wọn.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ọ̀tẹ̀ ni ǹ bá pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú náà tọ́. Ẹ sì wo ibi tí ìbínú nìkan gbé wọn dé. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn tú ogun wa ká ní Ìkirun, àwọn tó ń sá lọ sì kú sómi Ọ̀tìn. Ìdí tí wọ́n fi ń pe ogun yẹn ní Jálumi nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé Jálumi ló wù mí jù. Àwọn ìlú tó ti ń bá ara wọn jà tipẹ́ di Èkìtìparapọ̀, Ìjẹ̀ṣà sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n bẹ Ògèdèǹgbé ará Iléṣà kó wá ṣolórí ogun, Fábùnmi tó dá ogun sílẹ̀ sì gbà láti wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò! Ọ̀dọ́mọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń dún káàkiri, ó sún sẹ́yìn nítorí pé ẹlòmíràn mọ ogun jù ú lọ. Lójú tèmi, ìyẹn le ju bíbẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ lọ. Ní Èkó, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, tí wọ́n bọ̀ láti Sàró, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n sì fi ìbọn òyìnbó tí a ń kì láti ẹ̀yìn ránṣẹ́, nígbà tí ṣakabùlà ló ṣì pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ogun tí àwọn àti Ìbàdàn wá jà, tí wọ́n ń pè ní Kírìjì, ń gbóná láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ọdún ń gorí ọdún. Ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti gba ara wọn. Síbẹ̀, 1893 ni àgọ́ ogun tó tú.

Mi ò sọ pé mímọ́ ni wọ́n. Ògèdèǹgbé náà ti jagun kó ẹrú rí. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó ti ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi rí i lórí ìwé.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó wá jẹ́wọ́ pé àwọn fẹ́ ṣe ìwọ́de lọ́jọ́ kejì nítorí iná mànàmáná tí kò sí ládùúgbò. Mo ní, ó dáa. Ta ni yóò bá àwọn aláṣẹ jókòó sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá pè yín? Kí lẹ ó béèrè gan-an, ọjọ́ wo lẹ sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é dà? Bí wọ́n bá tàn yín, kí lẹ ó ṣe lóṣù tó ń bọ̀?

Ó ní àwọn ò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Mo wá bébà àti bírò fún un, ó pe mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, mo sì tan àtùpà. Àkùkọ kọ kí wọ́n tó dìde.