Kì í ṣe páálí ló ń sọ adùn ọtí: Bí oníṣòwò ṣe lè yẹ ọjà rẹ̀ wò kó tó náwó lé e

Àwọn àgbà ló sọ pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ta ọtí òyìnbó ju bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, ìgò tó wúwo, tí páálí rẹ̀ ń dán bíi góòlù, tí orúkọ Faransé sì gùn gbọọrọ lára rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré máa ń nawọ́ sí. Wọ́n á kó owó lé e, wọ́n á gbé e síbi tí gbogbo ojú á ti rí i. Oníbàárà kan á rà á lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní béèrè ẹ̀ mọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, eruku ti bo ìgò, owó òwò sì ti há síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ọtí tó wọ́n kò dára o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó rà á kò tọ́ ọ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn kó tó sanwó. Orúkọ ló rà.

Oníṣòwò kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí han gbogbo ayé ní ọdún 1976. Steven Spurrier lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ìlú Paris ló ti ń ta wáìnì, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́ wáìnì wò. Lákòókò yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ lójú ọmọ Faransé pé ibòmíràn wà láyé tí wáìnì gidi ti ń wá. Spurrier ń wá ohun tí àwọn èèyàn á fi máa sọ̀rọ̀ nípa ìsọ̀ rẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n wá tọ́ wáìnì ilẹ̀ California ní Amẹ́ríkà wò pọ̀ mọ́ ti Faransé.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún, ọdún náà ni wọ́n jókòó. Àwọn Faransé mẹ́sàn-án tó mọ̀ nípa wáìnì dunjú ló pè láti dá máàkì: àwọn tó ni oko àjàrà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ ńláńlá, àti olóòtú ìwé ìròyìn tó ń kọ nípa wáìnì. Wọ́n da wáìnì sínú ife fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó ti ibi kan wá yàtọ̀ sí ìkejì. Máàkì 20 ni kálukú ní láti fi díwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, wáìnì funfun tó gba ipò kìíní ni Chateau Montelena ti ọdún 1973, ti California. Wáìnì pupa tó gba ipò kìíní ni ti Stag's Leap Wine Cellars, ọdún 1973, ti California náà. Ó fi ẹ̀yìn Mouton Rothschild àti Haut-Brion balẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì wà lára àwọn orúkọ tó tóbi jù ní Faransé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dá máàkì ti tọ́ wáìnì funfun kan wò, inú ẹ̀ dùn, ó ní àwọn ti padà dé Faransé nìyẹn. Ti California ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹlòmíràn, obìnrin, ní kí wọ́n dá ìwé tóun kọ máàkì sí padà fóun. Akọ̀ròyìn kan ṣoṣo, ti ìwé ìròyìn Time ní Amẹ́ríkà, ló wà níbẹ̀, òun ló sì gbé e síta.

Àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe òpè. Bí orúkọ ara ìgò bá lè ti ojú irú wọn, kí ni ká sọ nípa ẹni tó ní ilé ọtí kékeré ní Muṣin tàbí ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà nìkan ló ń gbọ́?

Ohun tí Spurrier ṣe kò nílò òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Oníṣòwò mẹ́ta lè dá owó jọ, kí wọ́n ra ìgò mẹ́ta, kí wọ́n sì jókòó sí pálọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ohun àkọ́kọ́ ni pé irú kan náà ni wọ́n á rà: bùràńdì mẹ́ta, tàbí wisikí mẹ́ta, tàbí wáìnì pupa mẹ́ta, kí iye owó wọn sì yàtọ̀ síra. Wáìnì àti wisikí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹnì kan á fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé ìgò náà (ìwé ìròyìn wúlò lẹ́yìn kíkà), á kọ 1, 2 àti 3 sí wọn lára. Irú ife kan náà ni kí wọ́n lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ há ju ikùn rẹ̀ lọ ló dára jù, kí wọ́n sì ṣàn án dáadáa kí òórùn ọṣẹ má bàa kù síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fín tùràrí olóòórùn sára lọ́jọ́ náà. Pẹ́pẹ́súùpù gbọ́dọ̀ dúró dẹ̀yìn, nítorí ahọ́n tí ata ti ta kò lè sọ òótọ́. Omi tútù àti búrẹ́dì lásán ti tó.

Ojú ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́: ṣé ọtí náà mọ́, àbí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀? Lẹ́yìn náà, imú, imú yìí ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí dókítà ti ní kó má fẹnu kan ọtí ṣì lè fi imú ya ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀. Wáìnì tó ń rùn bíi páálí tó gba omi ti bàjẹ́ látara ìdérí rẹ̀, èyí tó ń ta imú bíi ọtí kíkan sì ti bọ́ sọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ ọtí líle, kí èèyàn má ti imú bọ inú ife. Kó jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí i, kó la ẹnu díẹ̀ bó ṣe ń gbóòórùn.

Ìgbà náà ló tó kan ẹnu. Ẹ̀kán kékeré ti tó. Kó yí i ká inú ẹnu, kó sì tu ú sínú abọ́. Títu ún kì í ṣe ìfiṣòfò, òun ni kì í jẹ́ kí ìgò kẹta dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Fún wisikí, kí wọ́n kán omi sí i. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń po wisikí pọ̀ ní Scotland máa ń fi omi là á títí agbára rẹ̀ á fi wálẹ̀ sí bíi ìdá 20 nínú 100 kí wọ́n tó gbóòórùn rẹ̀, nítorí oró ọtí á ti lọ, òórùn tó fara pamọ́ á sì jáde. Ohun tó gbẹ̀yìn ni adùn tó kù lẹ́nu lẹ́yìn tí ọtí ti lọ. Èyí tó kàn jó ọ̀fun tó sì parẹ́ kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.

Kí kálukú kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀, pàápàá bí ẹ̀gbọ́n àdúgbò bá wà níbẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n bá ti ní nọ́ńbà 2 ló dùn jù, kò sí àbúrò tó máa ní nọ́ńbà 3 ni. Ìgbà tí ìwé bá pé ni kí wọ́n tú ìgò.

Kò sì sí ohun àjèjì nínú gbogbo èyí. Ẹni tó bá lè ya emu ọ̀pẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ògùrọ̀, tó sì mọ emu àárọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti kan nírọ̀lẹ́, ti ní ẹnu tó tó.

Ẹni tó bá sì jáde lọ sí ilé ọtí ẹlòmíràn, kó máa wo nǹkan. Kó ní kí wọ́n ṣí ìgò níwájú òun. Kó wo bóyá wáìnì pupa ń gbóná. Àṣà pé kí wáìnì pupa wà bó ṣe wà nínú ilé, ilẹ̀ olótùútù ló ti wá. Nílùú tí ooru ti ń dé ìwọ̀n 30, oró ọtí nìkan ni ẹnu á gbọ́. Ogún ìṣẹ́jú nínú fíríìjì á tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí ni kò mọ ìyẹn, oníbàárà á sì máa rò pé ọtí náà ni kò dára.

Àwọn lẹ́tà ara ìgò náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Lára bùràńdì Cognac, VS túmọ̀ sí pé ọtí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú rẹ̀ ti lo ọdún 2 ó kéré tán nínú àgbá igi. VSOP jẹ́ ọdún 4. XO jẹ́ ọdún 10 láti 2018, ọdún 6 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wisikí kò lè jẹ́ Scotch àfi tó bá lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá ní Scotland, tí agbára rẹ̀ kò sì dín ní ìdá 40 nínú 100. Ṣàǹpéènì sì ni èyí tó bá ti agbègbè Champagne ní Faransé wá, ohun yòówù kí alága ìdúró máa pè é lóde ìgbéyàwó.

Ibi ìṣirò ni gbogbo rẹ̀ ti ń dun oníṣòwò jù. Ìgò wáìnì 75cl á kún ife márùn-ún tí wọ́n bá bu 15cl sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹnì kan ra ìgò kan ní 10,000 náírà, tó ń ta ife ní 3,500. Tó bá ta márààrún, 17,500 ló wọlé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ méjì péré ló tà, tí ìyókù sì kan, ó ti pàdánù 3,000. Wáìnì tí wọ́n ti ṣí kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, nínú fíríìjì pàápàá. Ẹni tí oníbàárà wáìnì rẹ̀ kò pọ̀, kó máa ta á ní odindi ìgò.

Ọtí líle kì í tètè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ìgò 70cl jẹ́ ṣọ́ọ̀tì 28 bí wọ́n bá bu 2.5cl. Ká ní 42,000 ni wọ́n rà á, tí ṣọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ 2,500: 70,000 á wọlé, èrè á jẹ́ 28,000. Bí ọmọ tó ń bu ọtí bá jẹ́ kí ọwọ́ wúwo dé 3.5cl, ṣọ́ọ̀tì 20 péré ló máa jáde, èrè á sì wálẹ̀ sí 8,000. Ife ìdíwọ̀n kékeré kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí ahọ́n kò lè dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á máa fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọ́n á sì dákú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ló wá sọ pé methanol tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu ni. Lọ́dún yẹn kan náà, ó tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol kò ní òórùn tàbí adùn tí ẹnu á fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí gidi, nítorí náà, bí ẹnu oníṣòwò ṣe wù kó mú tó, kò lè gbà á. Ọ̀nà tó wà ni kó ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó lè padà bá, kó gba rìsíìtì, kó wo nọ́ńbà NAFDAC àti ìdérí bóyá wọ́n ti tú u rí, kó sì sá fún ọtí tí iye rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti gbogbo ọjà. Ìgò tó bá sì ti ṣófo ní ìsọ̀ rẹ̀, kó ya ìwé ara rẹ̀ kúrò, kó fọ́ ọ kó tó dé ààtàn, nítorí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ọtí ń wá irú ìgò bẹ́ẹ̀ kiri, pàápàá èyí tí ìdérí àti páálí rẹ̀ ṣì pé.