Ẹnu Páìpù àti Awọ Wáyà

Bí a bá tẹ súìṣì tí iná sì tàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bèèrè bí wáyà ti ṣe dé ibẹ̀. Inú páìpù ni ó gbà, páìpù náà a sì parí sí ara àpótí kékeré tí a rì mọ́ ògiri lẹ́yìn súìṣì. Ibi tí ẹnu páìpù ti wọ inú àpótí yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ mú wáyà tí a fi ń fa iná gílóòbù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 1.5. Bàbà ni ó wà láàárín, ike ni ó bò ó. Ìnípọn ike náà kò ju nǹkan bíi mílímítà 0.7 lọ, òun ni ó sì dá ọwọ́ wa sí kúrò lára iná 230 fólítì.

Wàyí o, bí a bá fi ayùn gé páìpù irin, eyín wẹ́wẹ́ a máa yọ sí ẹnu rẹ̀, a sì mú bí abẹ. Nígbà tí a bá ń fa wáyà kọjá ni wọ́n ń ha á. Bí ọgbẹ́ náà kò bá tíì dé bàbà, iná yóò tàn lọ́jọ́ náà, onílé yóò sanwó, oníṣẹ́ yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ó lè tó ọdún mélòó kan kí bàbà tó kan irin. Bí a bá ti so àpótí mọ́ wáyà ilẹ̀ dáadáa, fíúsì yóò jó, a ó sì mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Bí a kò bá so ó, iná yóò wà lára àpótí náà láìsí ẹni tí ó mọ̀, títí ọwọ́ ọmọ kan yóò fi kàn án.

Ohun tí yóò dènà èyí kò wọ́n. Kí a fi fáìlì róbótó ha inú ẹnu páìpù, kí a sì fi owú nù ún: bí owú bá kọ́, iṣẹ́ ṣì kù. Lẹ́yìn náà ni búùṣì idẹ, tí ẹnu rẹ̀ dán tí ó sì yí róbótó, yóò wà nínú àpótí, tí nọ́ọ̀tì yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níta. A ó lọ́ wọn kí wọ́n há àpótí mọ́ àárín gbọn-in, nítorí páìpù irin lè jẹ́ ọ̀nà tí iná tí ó ṣìnà ń gbà lọ sí ilẹ̀. Ihò tí wáyà bá gbà kọjá láìsí páìpù, òrùka rọ́bà ni tirẹ̀.

Kí wáyà tó wọlé ni a ń fi búùṣì sí i. Mo ti rí oníṣẹ́ kan tí ó gbàgbé rẹ̀ títí ó fi fa wáyà mẹ́fà tán. Kò tú wọn; téépù ni ó fi wé wọn, ó sì dé àpótí pa. Ooru ni yóò tú téépù náà.

Láti fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ fi ìṣó lu agolo wàrà òfìfo láti òde, kí ó fa òwú ìránṣọ gba ojú ihò náà síwá sẹ́yìn, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí yóò fi já. Kí ó wá fi rọ́bà taya kẹ̀kẹ́ tẹ́ etí ihò náà, kí wọ́n tún kà á. Agolo nìkan ni kí a lò. Kí a má ṣe tú súìṣì ilé-ìwé fún àpẹẹrẹ.