Ìbàdí Ló Ń Gbé Irin Fì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti mọ kettlebell kan gbé fì, tí ojú wá ń kán yín láti gbé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fara balẹ̀. Kílò 16 lọ́nà méjì, kílò 32 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara kì í gbà á bí irin kílò 32 kan ṣoṣo. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ dì mú, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yà sí i kí méjèèjì tó ráyè kọjá.

Àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń pe kettlebell ní girya máa ń díje pẹ̀lú kílò 32 méjì fún ìṣẹ́jú 10, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀ kí àkókò tó pé. Kò sí apá tó lè fara da ìyẹn. Ìbàdí ló ń ṣe é. Okùn lásán ni apá.

Ẹ gbé irin méjèèjì sílẹ̀ níwájú yín, kó jìnnà tó àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn, ẹ má lóṣòó. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ́ gbọọrọ, abíyá á fún. Ẹ fà wọ́n sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀, kí wọ́n gba òkè orúnkún kọjá, nítòsí abẹ́. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò kọjú sẹ́yìn díẹ̀, kí irin má baà gbá orúnkún. Ẹ wá nà dìde gìrì: ìdí le, ikùn le, èémí jáde. Bí wọn kò bá dé àyà, ẹ má fi apá fà wọ́n dé ibẹ̀.

Ìgbà tí irin bá ń padà bọ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ọmọdé pé irin yóò lu àwọn lábẹ́, wọn a sì tètè tẹ̀ba. Irin á wá já sísàlẹ̀ orúnkún, á fa èjìká lọ, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni yóò sì ru gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù níbẹ̀. Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, títí apá òkè yóò fi kan ìhà. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ti ìdí sẹ́yìn. Ẹ fi kílò 8 tàbí 12 méjì kọ́ ọ títí ẹ̀rù yóò fi kúrò lára.

Gbígbé e kalẹ̀ náà jẹ́ ara iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá gbé wọn síwájú bí ẹ ṣe bá wọn níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yìn ṣì tẹ́. Márùn-ún tó mọ́ tó fún ìgbà kan. Bí ẹ bá rí i pé irin ọwọ́ kan ti ń ṣáájú èkejì, ẹ gbé wọn kalẹ̀, ẹ sinmi, kódà bó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà.