Àpótí Ìmọ̀: Kòkòrò Inú Ẹ̀wà
Bí ẹ bá bu ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ọjà Ìpàta, ní Ìlọrin Àfọ̀njá, tí ẹ rí ihò róbótó lára rẹ̀, kòkòrò pupa rúsúrúsú kan, tí kò ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ, tí àmì dúdú sì wà ní ìyẹ́ rẹ̀, ló ti ibẹ̀ jáde. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ní ń gbé. Ìyanu ibẹ̀ ni pé èyí tí ń fò kò jẹ ẹ̀wà mọ́, ìdin rẹ̀ ni apanirun, èyí tí ó pa láti inú ẹyin tí ìyá lẹ̀ mọ́ èèpo. Láti oko ló ti ń bá ẹ̀wà wálé. Ẹ sá ẹ̀wà yín gbẹ, kí ẹ rọ ọ́ kún ike, kí ẹ sì dé e pinpin, nítorí kòkòrò náà kò lè yè láìsí afẹ́fẹ́.