TA NI Ó NI ILẸ̀ YÌÍ?

Ibi kíkà: Nehemáyà 5:1-16, 9:36-37
Àfikún: Léfítíkù 25:23; Lúùkù 19:1-10

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ya fọ́tò níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́jà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1900. Lọ́jọ́ náà ni Lugard fa àsíá Bírítéènì sókè, tí ó sì kéde pé ilẹ̀ Àríwá ti bọ́ sábẹ́ ìjọba wọn. Ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbà á? Kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọba wa. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìṣòwò kan tí à ń pè ní Royal Niger Company ni.

1. Bí ọjà náà ṣe lọ

Ní 1886 ni ìjọba Bírítéènì fún ilé-iṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ẹ̀bá Odò Ọya. Bí oníṣòwò ṣe di adájọ́ àti agbowó-ibodè nìyẹn, tí ó sì tún ní ọmọ ogun tirẹ̀. Ó dí ọ̀nà ọjà mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Nítorí èyí ni Ọba Koko ti Nembe àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe kọlu ibùdó rẹ̀ ní Akassa ní January 1895, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Bírítéènì sì lọ jó ìlú wọn.

Nígbà tí ìjọba wá gba àkóso lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, £865,000 ni wọ́n san fún un. Wọ́n tún ṣèlérí pé fún ọdún 99, òun ni yóò máa gba ìdajì owó tí ìjọba bá ń rí lórí ohun àlùmọ́nì ní apá kan ilẹ̀ náà. Àwọn tó ni oko àti odò kò sí níbi tí wọ́n ti ná ọjà yìí.

Kí a sọ òtítọ́ tán: kí ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà tó dé Kàbbà ní January 1897, àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Ókun ti ń sin àwọn alágbára Bídà, a sì ń kó ọmọ wọn lẹ́rú. Àjàgà Bídà kúrò, àjàgà òyìnbó gorí ọrùn.

2. Ohun tó ṣẹ́kù

Àsíá ti sọ̀kalẹ̀ láti 1960, ṣùgbọ́n ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n fi lélẹ̀ kò tíì kúrò: kí á máa kó ohun tútù jáde, kí á sì máa ra ohun tí a ti ṣe tán wọlé. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire àti Ghana nìkan ló ń mú ju ìdajì kòkó gbogbo ayé jáde, síbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni èrè ṣokoléètì pọ̀ sí. Ní 2005, àwọn orílẹ̀-èdè tí a jẹ ní gbèsè fagi lé nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là fún wa lẹ́yìn tí a ti gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12. Lónìí, a ti tún jẹ gbèsè.

Ṣé òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi? Ẹ wo Ajaokuta, tí kò jìnnà sí wa. Láti 1979 ni a ti dá ilé-iṣẹ́ irin náà sílẹ̀, òkúta irin sì wà ní Itakpe nítòsí, síbẹ̀ kò tíì yọ́ irin láti inú òkúta títí di òní. Ìjọba tiwa ló ni ín. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

3. Ohun tí Nehemáyà ṣe

(a) Wọ́n pe àjàgà àjèjì ní orúkọ rẹ̀. Nínú àdúrà orí 9, àwọn Júù jẹ́wọ́ pé àwọn di ẹrú lórí ilẹ̀ baba àwọn, pé ọba àjèjì ló ń jẹ èso rẹ̀. Wọn kò fi èyí pa mọ́, wọn kò sì fi ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn náà pa mọ́. Nítorí náà, ìgbàgbọ́ kò ní kí á gbàgbé ìtàn.

(b) Ó dojú kọ àwọn aninilára inú ilé. Owó orí ọba Páṣíà ló sọ tálákà di ajigbèsè (5:4), ṣùgbọ́n ọlọ́lá Júù ló yá wọn lówó èlé, tó sì gba oko àti ọmọ wọn. Nehemáyà bínú, ó rò ó dáadáa, lẹ́yìn náà ló bá wọn wí ní gbangba.

(d) Ó ní kí wọ́n dá a padà. Oko, ọgbà àjàrà, ilé àti èlé ni wọ́n ní láti dá padà (5:11). Sákéù, agbowó-òde fún Róòmù, mọ èyí pẹ̀lú. Ìrònúpìwàdà tó dé ọkàn a máa dé àpò.

(e) Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Fún ọdún 12 ni kò jẹ oúnjẹ gómìnà, nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

4. Àwa ńkọ́?

Léfítíkù 25:23 sọ fún wa pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀, àlejò ni àwa. Ilé-iṣẹ́ kan kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni olóṣèlú kò ní in. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń yá ọmọ kíláàsì rẹ̀ lówó èlé ń ṣe ohun tí àwọn ọlọ́lá Júù ṣe. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ìjọba: ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lè di £865,000 mìíràn. Ẹni tó mú ọmọdé wá láti abúlé láti ṣiṣẹ́ ilé, tí kò sì fi í sí ilé ìwé, kí ó tún orí karùn-ún kà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kí á rántí ìtàn àti kí á máa fi í ṣe àwáwí?
2. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ lónìí tó yẹ kí o dá padà?
3. Bí o bá ń múra láti lọ sí òkè òkun, kí ni o jẹ ilé ní gbèsè?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o ni ilẹ̀, wo ìnilára tí a fi jẹ wá àti èyí tí àwa fi ń jẹ ẹlòmíràn. Fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́, àti ọwọ́ tí ń dá nǹkan padà, lórúkọ Jésù. Àmín.