Kẹ́hìndé, Má Tẹ Líǹkì Yẹn

Kẹ́hìndé, dìde lórí ìkúnlẹ̀, wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. O ní bánkì ló kọ̀wé sí ọ pé àwọn olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn, wọ́n ti jí ìsọfúnni rẹ kó, àfi kí o tẹ líǹkì kan, kí o kọ BVN àti PIN rẹ síbẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti àkáǹtì rẹ pa. Ọmọ mi, bánkì wo? Ìwọ tí o ń ṣe POS níwájú Poli, tí àwọn ìyá ẹlẹ́gùúsí ń kó owó ọjà wọn lé lọ́wọ́ láìbẹ̀rù, ìwọ náà lo fẹ́ kọ PIN fún ẹni tí o kò rí ojú rẹ̀ rí?

N kò bínú sí ọ, ẹ̀rù ló bà mí. Owó iléèwé Táyé wà nínú àkáǹtì yẹn.

O ní, "Àǹtí, wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n mọ ọjọ́ ìbí mi, NIN mi gan-an wà níbẹ̀." Ibẹ̀ ni kí o ti fi etí sílẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ kan tó ń jẹ́ Paradigm Initiative kéde fáyé gbọ́ pé ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta NIN, BVN àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ Nàìjíríà, 100 náírà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn fi owó yẹn ra ìwé NIN Bọ̀sún Tìjání, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àti ti Vincent Ọlátúnjí, ọ̀gá àjọ tí ìjọba ní kó máa dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú. NIMC tó ni NIN sọ pé kò sí olè tó wọlé àwọn. Ìyẹn wà láàárín wọn. Èyí tó kan èmi àti ìwọ ní Èrúwà níbí ni pé tí wọ́n bá lè rí ti mínísítà rà, tìrẹ kò lè ṣòro. Mímọ̀ tí ẹnì kan mọ orúkọ rẹ kò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ bánkì. Àwa fúnra wa náà kò sì gbẹ́nu dákẹ́: ọjọ́ ìbí rẹ wà lórí Facebook, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ sì wà lórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ lónìí olónìí.

Mi ò ní kí o máa pe gbogbo ìkìlọ̀ ní irọ́ o. Olè máa ń wọ ilé-iṣẹ́ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni fi wà, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ilé-iṣẹ́ tí ìsọfúnni bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì lè pa ènìyàn lára, gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ ìjọba láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ìwọ náà, ní èdè tó yé ènìyàn, kó sì sọ ohun tí o lè ṣe láti dáàbò bo ara rẹ. Nítorí náà, ìkìlọ̀ gidi máa ń ṣàlàyé ni, kì í béèrè PIN. Bánkì kò nílò PIN rẹ láti fi ṣọ́ owó rẹ. Bí wọ́n bá ní CBN, bánkì àpapọ̀ ìjọba, ló ń pè ọ́ ńkọ́? CBN kì í bá irú èmi àti ìwọ ṣí àkáǹtì, kí ni yóò wá máa pè ọ́ fún?

O tún ń na ìka sí i pé orúkọ bánkì ló wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Orúkọ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè fi síbẹ̀, ó sì lè bọ́ sábẹ́ àwọn tí bánkì fi ránṣẹ́ sí ọ lóòótọ́. Wo líǹkì yẹn pẹ̀lú mi: orúkọ bánkì rẹ rèé, àmì kékeré kan rèé, "verify" rèé, kó tó wá kan .com. Ilé ẹlòmíì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o gbára lé ojú rẹ, ojú àwọn tó gbọ́n jù wá lọ ti tàn wọ́n. Má tẹ líǹkì kankan rárá. Yí káàdì ATM rẹ sẹ́yìn, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni kí o pè, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn gbájúẹ̀ yìí mọ ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá. Ní oṣù Kejìlá 2023, CBN pàṣẹ lóòótọ́ pé àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2024. Ìkéde gidi nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ kò ní pẹ́ gba irọ́ tó bá jọ ọ́ gbọ́. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé BVN rẹ sọnù, tẹ *565*0# lórí láìnì tó o fi forúkọ sílẹ̀, wàá rí i.

OTP, kóòdù tó ń wọlé sórí fóònù rẹ, wá ni olórí gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan á pè ọ́, ohùn rẹ̀ á tutù, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ bá mi kà á." Kẹ́hìndé, kò ṣèèṣì. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà owó rẹ tàbí WhatsApp rẹ, nọ́ńbà yẹn nìkan ló kù. Bó ti wù kó bẹ̀ ọ́ tó, má kà á fún un. Àní bó bá ní èmi ni mo rán òun.

O rántí CBEX, àwọn tó ń gba owó ìdókòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Oṣù Kẹrin 2025 ló dojú dé, tí inú bí àwọn ènìyàn débi tí wọ́n fi kó ẹrù ọ́fíìsì CBEX ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn. Owó ti há tán, àwọn CBEX tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là tàbí 200, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni lóòótọ́. Àwọn kan san án! Ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n máa ń padà wá bá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá a gba owó rẹ̀ padà. Má dá wọn lóhùn.

Bí ọwọ́ bá sì ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ìtìjú mú ọ dákẹ́. Pe bánkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kí wọ́n sì kàn sí bánkì tí owó lọ kó tó kúrò níbẹ̀. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Ọ́fíìsì EFCC wà ní Ìyágankú n'Ìbàdàn, èmi fúnra mi á bá ọ lọ, mi ò ní bú ọ lójú ọ̀nà.

Ó yá, pe Táyé nísinsìnyí, kó o ka gbogbo rẹ̀ fún un. Tó o bá dé ọjà, sọ fún ìyá rẹ àti àwọn tó jókòó tì í, ní ohùn jẹ́jẹ́, kó yé wọn.